Ògiri Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

Wàsíù, pẹ́ńtà ará Òrù tí ọmọ mi rán sí mi, da omi sára ògiri yàrá ẹ̀yìn láàárọ̀ àná, òórùn kan sì jáde níbẹ̀ tó mú kí n wá àga jókòó. Kì í ṣe òórùn ọ̀dà. Òórùn ọ̀dà ti gba gbogbo ilé láti ọjọ́ mẹ́ta, imú mi ti mọ̀ ọ́n, mo sì ti ṣépè fún un títí ó fi sú mi. Òórùn ilẹ̀ pupa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mumi ni, irú èyí tí wọ́n pò mọ́ sítáàṣì ẹ̀gẹ́, tí wọ́n wá fi àkísà rà mọ́ ògiri. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tí mo ti gbóòórùn rẹ̀ kẹ́yìn, èmi sì rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Orúnkún mi ló fa pẹ́ńtà wọ ilé. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì ní ẹ̀yìnkùlé lọ́dún yìí, Bùkọ́lá ọmọ mi tó ń gbé ní Èkó sì ní òun ò lè máa fọwọ́ lẹ́rán dúró de ìgbà kẹta. Ó máa wá kó mi lópin oṣù. Ilé tí bàbá mi kọ́ sí Ìjẹ̀bú-Igbó yìí, tí mo gbé nígbà èwe, tí mo sì tún padà sí nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, a máa fi háyà fún àwọn ọmọ yunifásítì tó ń kàwé ní Agọ́-Ìwòyè. Kí n má parọ́, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́ lọ. Ohun tí wọ́n bi mí ni àwọ̀ tó yẹ ká kùn.

Wàsíù ní ìwé pẹlẹbẹ kan tí wọ́n lẹ àwọ̀ wẹ́wẹ́ mọ́. Ó ní apá kan ń jẹ́ nútrà. Mo wò ó: funfun, funfun tó ti ń dọ́tí, àwọ̀ iyanrìn, àwọ̀ eérú, àti ọ̀kan tí mo lè búra pé omi ìfọṣọ ni. Ó ní apá kejì ń jẹ́ wọ́ọ̀mù. Ìyẹn ni pupa bíi bíríkì, àwọ̀ oyin, àwọ̀ ọsàn, àti pupa kan tó dà bí ata gígún. Mo bi í pé kí ni wọ́ọ̀mù, ó ní àwọ̀ tó móoru ni. Mo ní ṣé wọ́n fẹ́ máa yáná lára ògiri ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó bá pe Bùkọ́lá sórí fóònù kó wá ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀.

Bùkọ́lá ṣàlàyé bí ẹni ń kọ́ mi ní ABD. Ó ní nútrà kì í bá ohunkóhun jà, àga yòówù kí èèyàn gbé wọlé, kọ́tìnì yòówù kó ta, wọ́n á rẹ́. Ó ń jẹ́ kí yàrá fẹ̀ lójú, kí ìmọ́lẹ̀ sì pọ̀ níbẹ̀. Wọ́ọ̀mù ní tiẹ̀ máa ń gbá èèyàn mọ́ra, àlejò á jókòó síbẹ̀ kò ní fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí yàrá kéré lójú, ó sì tètè ń súni. Fún ayálégbé, ó ní nútrà ló dáa jù. Pálọ̀, ọ̀ọ̀dẹ̀ àti yàrá iwájú, àwọ̀ eérú ni gbogbo wọn. Yàrá ẹ̀yìn nìkan ló ní kí n mú àwọ̀ tó bá wù mí fún, kí n má baà sọ pé wọn ò bi mí léèrè nínú ilé bàbá mi. Mo ní mo ti gbọ́.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní rò pé ìwé pẹlẹbẹ ló kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ wọ̀nyẹn. A mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, gbogbo ọdún ni wọ́n ń ra ògiri inú ilé, iṣẹ́ obìnrin sì ni. Ẹfun wà lọ́jà, wọ́n á rà á ní ṣíṣù, wọ́n á gún un, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, ìyẹn ni funfun. Ilé ìdáná àti ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n á jọ eérú sínú ẹfun kí èéfín má baà hàn lára rẹ̀, ìyẹn sì ni nútrà tí Bùkọ́lá ń pọ́n lé, tó jẹ́ pé ìdí ìkòkò la ti ń kó o. Ṣùgbọ́n yàrá àlejò, ilẹ̀ pupa ni. Màmá mi á kúnlẹ̀ ti agbada omi pupa náà, wọ́n á ti àkísà bọ̀ ọ́, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bí obìnrin kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí ọwọ́ máa ń hàn lára ògiri lẹ́yìn tó bá gbẹ. Ti màmá mi máa ń rí roboto bí ẹnu igbá, ẹ ò ní fi wé ti ẹlòmíràn. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá wọ inú yàrá bẹ́ẹ̀, ara àwa ọmọdé á kàn máa yá ni, a ò mọ ìdí rẹ̀.

Múní ni ọ̀rẹ́ mi. Mùníráátù ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n a ò ráyè èyí tó gùn tó yẹn. Ilé wọn ló kọjú sí tiwa. Ìyá rẹ̀, ará Ẹ̀fìrẹ létí ọ̀sà, ń hun ẹní. Bàbá rẹ̀ ti kú kí n tó dáyé, òun nìkan sì ni ọmọ tí ìyá náà ní. Ó fi ọdún kan jù mí lọ. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti kán níbi tó ti ń gun igi àgbálùmọ̀, ó sì máa ń gba ihò eyín yẹn súfèé tí màmá mi á fi ní kí wọ́n bá àwọn dí i. Kì í bẹ̀rù ejò, kì í bẹ̀rù odò, kì í bẹ̀rù òkùnkùn. Èmi máa ń bẹ̀rù gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní ẹnu. Kò sí ohun tí mi ò lè fi ọ̀rọ̀ mú Múní ṣe.

Ibi tí wọ́n ti ń wa ilẹ̀ pupa wà lẹ́yìn oko kòkó, téèyàn bá ti rékọjá odò kékeré. Ilẹ̀ òkè níbẹ̀ ò dáa, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò sì lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìsàlẹ̀ ni èyí tó pupa bí epo wà, nítorí náà àwọn obìnrin kì í gbẹ́ ẹ láti òkè, abẹ́ ni wọ́n ń gbẹ́ wọ̀, títí ibẹ̀ á fi yanu bí ààrò. Gbogbo wọn mọ̀ pé kò dáa bẹ́ẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Òfin kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni pé ìgbà ọyẹ́ nìkan ni kí èèyàn dé ibẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ bá ti gan. Bí òjò bá ṣì ń rọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ rẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ilé wa ni pásítọ̀ tó ń bọ̀ wá wàásù ìkórè máa sùn sí. Bàbá mi ni olùkọ́ ìjọ, ọlá ńlá ni. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n yàn fún un. Ṣùgbọ́n ìkórè bọ́ sí ìgbà tí òjò kò tíì dá, màmá mi bá ní ẹfun làwọn máa fi ra ibẹ̀, tó bá di ìgbà ọyẹ́ àwọn á wá fi pupa rà á. Inú bí mi. Mo ti sọ fún gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi pé yàrá pásítọ̀ máa pupa ju ti ilé ẹnikẹ́ni lọ. Mo ní funfun dà bí ọsibítù, mo ní pásítọ̀ á rò pé a fẹ́ gún òun lábẹ́rẹ́. Màmá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lọ ra ẹfun wọn. Wọ́n fi ra ògiri mẹ́ta, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló kù fún ọjọ́ kejì.

Mo bá lọ bá Múní. A kó agbọ̀n kan àti ọkọ́ kékeré, a rékọjá odò lọ síbi ilẹ̀ pupa. Òun ló wọ abẹ́ rẹ̀, èmi dúró lókè. Òun ló wà á, òun ló rù ú délé, orí mi ń dùn mí, mo ní kó bá mi rù ú. A sọ fún màmá mi pé bàbá kan tó ń gbẹ́ kànga nísàlẹ̀ àdúgbò ló fún wa. Wọ́n gbà wá gbọ́, inú wọn sì dùn, wọ́n gún un, wọ́n jọ̀ ọ́, wọ́n fi ra ògiri ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lọ́jọ́ náà gan-an. Agbọ̀n kan yẹn tó fún ògiri kan péré. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà tí mò ń wò ó. Ó dára débi pé àwọn mẹ́ta tó kù wá dà bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá.

Ká ní mo fi mọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo tún lọ pè é, nítorí ògiri mẹ́ta tó kù. Ìyá rẹ̀ ti kó ewé ẹní sílẹ̀ fún un láti là, ó sì ní òun ò lọ. Lẹ́yìn náà ló wá sọ òótọ́ tó wà nínú rẹ̀: òjò ti rọ̀ mọ́jú, nígbà tí òun sì wà lábẹ́ ibẹ̀ lánàá, ilẹ̀ ń já sí òun lọ́rùn díẹ̀díẹ̀. Èmi tí mo máa ń bẹ̀rù òkùnkùn ni mo wá sọ fún Múní pé ojo ni. Mo sì fi kún un pé tí kò bá lọ, mi ò ní bá a rẹ́ mọ́, ọmọ ìjọ wa kan ni n ó mú lọ́rẹ̀ẹ́. Ó wò mí títí. Ó gbé agbọ̀n.

Ilẹ̀ náà ò pariwo rárá nígbà tó wó. Bí ẹni sọ ẹrù iṣu kalẹ̀ ni. Mo wà lókè pẹ̀lú agbọ̀n lọ́wọ́, mo ń sọ fún un pé kó wa èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún, torí òun ló pupa jù, nígbà tí mo sì bojú wolẹ̀, ẹnu ihò náà ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo pè é. Mo tún pè é. Lẹ́yìn náà ni mo sáré, mo sì rò pé mi ò sáré tó. Àwọn ọkùnrin gbé ọkọ́ àti ṣọ́bìrì, wọ́n hú u jáde, ilẹ̀ pupa kún ihò eyín rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ sórí ẹní nínú ọgbà wọn, bàbá mi dì mí léjìká mú lójú gbogbo èèyàn, wọ́n bi mí pé ta ló ní ká lọ síbẹ̀. Wọn ò gbá mi, wọn ò jágbe mọ́ mi. Ìbéèrè lásán ni. Mo wo ìyá Múní, mo wo ẹsẹ̀ Múní tó yọ lábẹ́ aṣọ.

Mo ní, "Múní ni. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun."

Gbogbo èèyàn gbà á. Ta ni kò mọ Múní, ọmọ tí kì í bẹ̀rù? Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wọn. Lọ́jọ́ kẹta ni ìyá rẹ̀ wọlé wa, tí wọ́n kúnlẹ̀ síwájú màmá mi, ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ kan ṣoṣo tó ní, tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí màmá mi dárí ji ọmọ àwọn, pé díẹ̀ ló kù kó kó bá ọmọ ẹlòmíràn. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Màmá mi fà wọ́n dìde, àwọn méjèèjì sì sunkún. N kò jáde.

Kí pásítọ̀ tó dé, màmá mi ti po ẹfun, wọ́n sì ra ògiri ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ní funfun lé pupa náà lórí. Wọn ò sọ ohunkóhun fún mi nípa rẹ̀, nígbà yẹn àti títí wọ́n fi kú. Bóyá wọ́n mọ̀. Bàbá tó ń gbẹ́ kànga yẹn ò kúkú jìnnà sílé wa, ìbéèrè kan ni wọn ì bá bi í. Láti ìgbà náà, wọn ò fi ilẹ̀ pupa ra ògiri kankan mọ́ nínú ilé yìí. Nígbà tí ọ̀dà òyìnbó dé, a fi kun gbogbo ilé, ara ògiri yẹn nìkan ni kì í gbà á. Ọdún kan kì í pé tí á fi máa bó. Àwọn pẹ́ńtà á ní omi ló ń wọ̀ ọ́, àwọn bíríkìlà á ní iyọ̀ ni. Èmi á ní kí wọ́n ṣáà tún un kùn.

Ẹ ó bi mí pé ṣé mi ò dàgbà ni, ṣé mi ò lè lọ sọ ọ́? Mo lọ. Mo ti di olùkọ́ nígbà náà, mo ti bí Bùkọ́lá. Ìyá Múní ti padà sí Ẹ̀fìrẹ tipẹ́tipẹ́. Mo wọ ọkọ̀ lọ bá wọn, mo sì ti tò ó sẹ́nu bí n ó ṣe sọ ọ́. Wọ́n ń sá ewé ẹní sóòrùn nígbà tí mo dé. Wọ́n dá mi mọ̀ kí n tó kí wọn. Wọ́n sunkún, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ẹja gbígbẹ àti ẹ̀bà síwájú mi, wọ́n sì jókòó tì mí tí wọ́n ń wo bí mo ṣe ń jẹun. Wọ́n ní báwo ni Múní ì bá ṣe rí báyìí, wọ́n ní bóyá òun náà ì bá ti bímọ. Bí mo ṣe fọwọ́ tán, tí mo fẹ́ la ẹnu, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

Wọ́n ní, "Ọ̀rẹ́ ọmọ mi, jọ̀ọ́, má bínú sí i mọ́."

Mo ní mi ò bínú. Ohun tí mo sọ nìyẹn. Wọ́n fún mi lẹ́ní kan kí n tẹ́ ẹ fún ọmọ mi, mo sì wọ ọkọ̀ padà. Kó tó di pé mo tún lọ, wọ́n ti kú. Ẹní yẹn ni Bùkọ́lá sùn lé dàgbà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láàárọ̀ àná tí Wàsíù da omi sógiri. Ó ti fi irin pẹlẹbẹ fá ọ̀dà kúrò ní ìpele mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó fá ẹfun tó wà lábẹ́ rẹ̀, pupa náà sì yọ. Gbogbo rẹ̀ pátá, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, àti bí màmá mi ṣe ń yí ọwọ́ roboto. Wàsíù fi ọwọ́ pa á.

"Mọ̀mọ́, ẹ wá wò ó. Àwọ̀ yìí ò ṣá rárá. Ta ló ṣe é?"

Mo ní màmá mi ni. Mi ò dárúkọ ẹni tó rù ú wálé.

Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Bùkọ́lá, kíá ni Bùkọ́lá sì pè. Ohùn rẹ̀ ga, inú rẹ̀ dùn. Ó ní ohun tí wọ́n ń ṣe lóde báyìí gan-an nìyẹn, ògiri mẹ́ta nútrà, ọ̀kan wọ́ọ̀mù. Ó ní kí Wàsíù má fọwọ́ kàn án mọ́, pé nǹkan kan wà tí wọ́n ń kùn lé e lórí tí kò ní jẹ́ kó máa bó. Ó ní ayálégbé kankan ò ní sùn síbẹ̀, yàrá yẹn la máa fi pamọ́ fún ara wa, tí òun bá ń gbé mi bọ̀ wá sílé nígbà ìkórè ibẹ̀ ni a ó máa sùn sí. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ìyá ìyá òun ni. Lẹ́yìn náà ló bi mí.

"Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ bò ó mọ́lẹ̀? Àbí ẹ kórìíra pupa ni? Ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún mi."

Wàsíù gbé fóònù sí mi lẹ́nu, ó ń dúró. Ọmọ mi ń dúró. Kò sí ẹni tó kù láyé tí ọ̀rọ̀ náà lè pa lára bí kò ṣe èmi, orúkọ Múní sì ti dé ọ̀fun mi. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, ògiri náà á wà. Bùkọ́lá á máa fi han àwọn ọmọ rẹ̀, á sọ fún wọn pé Mùníráátù ló wa ilẹ̀ yìí, pé ìyá òun ló rán an lọ, pé ìyá òun ló purọ́ mọ́ ọn nígbà tó ti kú.

Mo ní, "Pupa kì í pẹ́ ṣá, ọmọ mi. Jẹ́ kó fá a. Àwọ̀ eérú ni mo fẹ́."

Bùkọ́lá ní kò burú, ilé mi ni. Wàsíù wo ògiri, ó wò mí. Ó mú irin rẹ̀.

Ohun tó ti yí padà ní Ìjẹ̀bú-Igbó láti ìgbà èwe mi ò lóǹkà. Wọ́n ti dí kòtò ilẹ̀ pupa, ilé epo ló wà níbẹ̀ báyìí. Mi ò mọ ẹnì kan tó ń po ẹfun mọ́, ẹní sì di ohun tí wọ́n ń fi ike ṣe. Èmi ni mi ò yí padà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó dúró nínú ọgbà yẹn, tí wọ́n bi ní ìbéèrè kan, òun náà ni wọ́n tún bi lánàá.

Wàsíù gbá ilẹ̀ tó fá náà jọ, ó kún agbọ̀n kan. Ó bi mí pé ibo ni kí òun dà á sí, mo ní kó dà á sí gọ́tà. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti rí bákan náà.